Kéèjì, omi àti oúnjẹ alágẹmọ oníwo mẹ́ta: àkọsílẹ̀ iṣẹ́

Ẹran tí a ń kọ́lé fún ni Trioceros jacksonii xantholophus, alágẹmọ oníwo mẹ́ta tí ilé rẹ̀ gan-an wà lẹ́bàá Òkè Kẹ́ńyà. Akọ ni, ó ti dàgbà tán. Yàrá òkè ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni kéèjì náà wà: omi ẹ̀rọ ibẹ̀ kún fún ẹfun, hítà sì máa ń gbẹ afẹ́fẹ́ ilé láti Oṣù Kẹwàá títí dé Oṣù Kẹrin. Nǹkan méjèèjì yìí ló pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a rà àti bí a ṣe tò ó.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí wé alágẹmọ tí a máa ń rí lórí igi kòkó lọ́nà Oǹdó. Ìran oníwo mẹ́ta yìí ń gbé níbi tó ga tó 1,600 sí 2,400 mítà. Oòrùn ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, òtútù á dé, kùrukùru á sì bo ewé títí di àfẹ̀mọ́jú. Inú òtútù yẹn ni ara ẹran náà ti ń sinmi: èémí rẹ̀ á rọra máa lọ, omi tó ń bá èémí jáde á dín kù, ìrì á sì wà lórí ewé fún un láti lá kí oòrùn tó yọ. Ẹ mú òtútù òru kúrò, gbogbo ètò yòókù á dà rú. Ẹni tó ń fọ́n omi sí kéèjì lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́ nínú yàrá tí kì í tutù kọjá 24 °C lóru ń fi omi ṣòfò, àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń pè. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó sin irú èyí ní Èkó tàbí ní Kútọnu, àfi ẹni tó lè tan ẹ̀rọ amúlétutù ní gbogbo òru, tí iná rẹ̀ kì í sì í lọ.

Kéèjì

Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gíga rẹ̀ 120. Kéèjì tí nẹ́ẹ̀tì yí ká ni wọ́n sábà ń tà fún alágẹmọ, ó sì dára ní Hawaii tàbí Florida. Nínú ilé tí hítà ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rinrin tí a bá fọ́n sínú irú kéèjì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń pòórá. A fi pátákó PVC funfun onímìlímítà 3 dí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Iwájú ni ilẹ̀kùn wà. Nẹ́ẹ̀tì wá ku orí, àti ọ̀já kan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 nísàlẹ̀ iwájú. Gílóòbù á mú afẹ́fẹ́ òkè gbóná, yóò gba orí jáde, afẹ́fẹ́ tútù á sì gba ọ̀já ìsàlẹ̀ wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rá dí ọ̀já yìí nígbà òtútù kí ọ̀rinrin má baà jáde. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti rìn, igi á bu, ilẹ̀ á máa rùn, ẹran á sì máa húkọ́.

Nẹ́ẹ̀tì alumíníọ̀mù tí a kùn ni kí ẹ rà. Ìrẹ̀ máa ń jẹ nẹ́ẹ̀tì oníke já, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ní gbogbo òru.

Ilẹ̀ kéèjì jẹ́ tíréè PVC tí a gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 2, kí omi lè máa ṣàn wá síwájú. A lu ihò onímìlímítà 20 síbi tó rẹlẹ̀ jù, a ki ojú páìpù bọ̀ ọ́, a fi sìlíkóònù aláìlóògùn-èbu dí etí rẹ̀ (irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ àpótí ẹja), a sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48 kí omi tó kàn án. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì kékeré bo ihò náà, torí ewé Ficus kan ṣoṣo tó bá já bọ́ tó láti dí i.

Iná UVB (irú ìtànṣán oòrùn tí awọ ara fi ń ṣe fítámì D3) jẹ́ gílóòbù gbọọrọ T5 HO 24 wáàtì, onípá 6%, ó dùbúlẹ̀ lórí nẹ́ẹ̀tì òkè. Ẹ̀ka tí ẹran ń yáàrùn lé fi sẹ̀ǹtímítà 20 jìnnà sí gílóòbù UVB yìí. Nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ń gba díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ló sì ń yàtọ̀ láti nẹ́ẹ̀tì sí nẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ohun tí òṣùwọ̀n Solarmeter 6.5 bá sọ lórí ẹ̀ka gan-an ni ẹ ó gbà: UVI (ìwọ̀n agbára ìtànṣán náà) 2 sí 3. Gílóòbù ìyárùn jẹ́ halogen 35 wáàtì, tẹmósítáàtì (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìwọ̀n ooru) tó lè dín iná kù ló ń darí rẹ̀. Ìwọ̀n ooru lórí ẹ̀ka jẹ́ 27 sí 28 °C, a kò jẹ́ kó kọjá 29. Ó ń tàn fún wákàtí mẹ́rin láàárọ̀, ó sì tún ń tàn díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àárín kéèjì wà ní 20 sí 23.

Igi inú rẹ̀: pèrègún méjì (wọ́n ń tà á ní gbogbo ilé ìtajà òdòdó níbí), Ficus benjamina kan, àti pothos tó ń fà nísàlẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe ni kí wọ́n tú igi kúrò nínú erùpẹ̀ tó bá a wá láti ọjà. Erùpẹ̀ yẹn kún fún ajílẹ̀ oníwóróró, nígbà mìíràn oògùn kòkòrò sì wà nínú rẹ̀ tó ń gba gbòǹgbò wọ inú ewé. Ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀, ẹ tún un gbìn sínú erùpẹ̀ lásán, ẹ nu ewé lójú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì fún un ní oṣù kan kó tó wọ kéèjì. Òkúta tó tóbi ju orí ẹran lọ ni ẹ ó fi bo erùpẹ̀ náà. Ahọ́n alágẹmọ máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ ìrẹ̀, ìfun rẹ̀ kò sì lè ti èyí jáde.

Omi

Alágẹmọ kì í ka omi inú abọ́ sí omi. Èyí tó ń tàn, tó ń mì lórí ewé ni ojú rẹ̀ ń rí, òun ló sì ń lá. Abọ́ omi nínú kéèjì, ìgbẹ́ àti òkú ìrẹ̀ ló máa ń gbà.

Ohun tí a tò pọ̀ nìyí: kẹ́ẹ̀gì onílítà 20, pọ́ǹpù diaphragm tó ń fi agbára nǹkan bí 100 psi ti omi, rọ́bà líle onímìlímítà 6, nọ́sù ìfọ́nmi méjì, táímà tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, asẹ́ kékeré lẹ́nu rọ́bà tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì, fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, àti bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 25 lábẹ́ ihò tíréè. Bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gbà ju kẹ́ẹ̀gì lọ. Bí táímà bá há nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé, gbogbo omi kẹ́ẹ̀gì lè jáde, síbẹ̀ kò ní dé kápẹ́ẹ̀tì, kò sì ní jò sórí ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Gbogbo ohun tó ń lo iná wọ orí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ní RCD 30 mA (ohun tó ń pa iná lójú ẹsẹ̀ bí iná bá ń jò). Wáyà kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó yí padà gòkè wọ inú rẹ̀, kí omi tó bá ń yọ́ tẹ̀ lé wáyà lè kán sílẹ̀ níbi tó ti sọ̀.

A gbé nọ́sù kan sí igun ẹ̀yìn lápá òsì, ìkejì síwájú lápá ọ̀tún. Ewé ni wọ́n dojú kọ. Ẹran tí omi bá ń ta lójú á máa sá, kò ní mu ún, omi tútù tó bá sì kan halogen tó ń jó á fọ́ ọ. Kí a tó so wọ́n mọ́ orí, a ki wọ́n bọ kọ́ọ̀pù fún ìṣẹ́jú kan: mílílítà 90 ló jáde lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́sù méjì, ìṣẹ́jú mẹ́jọ lóòjọ́, lítà 1.44 nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì á tó ọ̀sẹ̀ méjì bí a bá fà á dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ kún un nígbà tó bá ku lítà mẹ́ta.

Ètò àkókò: iná ń tàn ní aago méje àárọ̀. Omi ń fọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní aago 6:30, kí iná tó tàn, kí ẹran lè jí bá ìrì. Ó tún ń fọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní aago mẹ́wàá alẹ́, àti ìṣẹ́jú méjì ní aago méjì òru. Lọ́sàn-án kò sí ìfọ́nmi rárá. Kí ewé gbẹ, kí ilẹ̀ gbẹ. Ohun tó wà lọ́sàn-án ni ike akánmi tí a gbé sórí nẹ́ẹ̀tì ní aago méjì, ìkán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan sórí ewé pèrègún. Mílílítà 60 á tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Akọ yìí kì í sábà wá síbẹ̀ bí omi àárọ̀ bá ti tó o, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Alágẹmọ tó sáré wá síbi akánmi lójoojúmọ́, tó sì ń mu fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òru rẹ̀ gbẹ jù tàbí ó gbóná jù, tàbí kíndìnrín rẹ̀ ló ń ṣe é.

Ìṣòro mẹ́ta ni ètò omi yìí máa ń mú wá.

Èkíní: nọ́sù ń kán omi fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí pọ́ǹpù ti kú. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rọ́bà. Pọ́ǹpù ti fún un pọ̀. Nígbà tí agbára kúrò, ó ń fẹ̀ padà, ó sì ń ti omi jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ tú nọ́sù, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ títí omi á fi máa jáde láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé fáàfù sún mọ́ nọ́sù bó bá ti ṣeé ṣe tó. Èyí ló mú ká sọ pé kẹ́ẹ̀gì kò gbọdọ̀ gbẹ.

Èkejì: omi ń ta jáde ní ìlà kan gbọnrangandan dípò kó fọ́nká bí ìrì. Ẹfun ti dí ojú nọ́sù. Inú ilẹ̀ ẹfun ni púpọ̀ nínú omi Lọ́ńdọ̀nù ń gbà kọjá, ohun tó ń funfun nínú kẹ́tù yín náà ló ń funfun nínú nọ́sù. Ẹ rẹ nọ́sù sínú fínígà funfun di ọjọ́ kejì, ẹ ṣàn án. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ihò rẹ̀. Ihò tó bá ti fẹ̀ kò tún ní fọ́n ìrì mọ́. Omi tí a fi ẹ̀rọ RO (asẹ́ tó ń yọ ẹfun kúrò nínú omi) sẹ́ ni a ń lò báyìí nínú kẹ́ẹ̀gì, ewé náà ò sì ní àbàwọ́n funfun mọ́.

Ẹ̀kẹta: omi ń yọ lójú oríkèé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó gé rọ́bà ló fi sáàsì gé e, tó sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi abẹ rẹ́sà gé e gúnrégé, ẹ tì í wọlé títí yóò fi kan ògiri inú.

Kùrukùru òru

Ẹ̀rọ kùrukùru onílítà 2 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì, páìpù onímìlímítà 32 sì ń gbé kùrukùru náà gba orí kéèjì wọlé. Ó ń ṣiṣẹ́ láti aago kan òru sí márùn-ún, ìṣẹ́jú 15 iṣẹ́, ìṣẹ́jú 15 ìsinmi. Òṣùwọ̀n ọ̀rinrin máa ń gun 90% kọjá nígbà yẹn; lọ́sàn-án ó wà láàárín 50 àti 60.

A so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹmósítáàtì lọ́nà tí kò fi ní ṣiṣẹ́ bí yàrá bá gbóná ju 19 °C lọ. Ìsopọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ. Kùrukùru nínú òtútù ni òkè. Kùrukùru nínú ooru ni báluwẹ̀, báluwẹ̀ ni kòkòrò àrùn sì fẹ́ràn.

Páìpù kò gbọdọ̀ tẹ̀ kòtò níbì kan láàárín ọ̀nà. Omi á gbá jọ síbi tó tẹ̀, kùrukùru kò ní kọjá, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Omi RO nìkan ni inú rẹ̀ ń gbà, a ń da ìyókù nù láràárọ̀, a sì ń jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ di alẹ́. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, fínígà fún ẹfun, lẹ́yìn náà hydrogen peroxide 3% fún ìdajì wákàtí, ká wá ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bá hù sínú omi yẹn, ẹ̀dọ̀fóró ẹran ló ń lọ tààrà.

Nígbà òtútù, ohun tó mú òru sọ̀ kalẹ̀ sí 14 sí 16 °C kò ju pé a pa hítà yàrá náà, a sì ṣí fèrèsé díẹ̀. Oúnjẹ àti omi ọjọ́ kejì á wọlé dáadáa. Wàhálà Lọ́ńdọ̀nù ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọjọ́ 19 Oṣù Keje 2022, ìwọ̀n ooru dé 40.3 °C ní Coningsby, níhà ìlà-oòrùn England, yàrá òkè sì lè burú ju ìta lọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Alágẹmọ orí òkè tó bá pẹ́ nínú 32 °C ti wà nínú ewu. Ẹ pa halogen, ẹ gbé kéèjì tàbí ẹran lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, ẹ gbé ìgò omi dídì mẹ́rin sórí nẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sí ògiri, kì í ṣe sí ẹran. Lọ́jọ́ yẹn a lè fọ́n omi lọ́sàn-án.

Kòkòrò

Àgbà akọ: kòkòrò mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kí kòkòrò má fẹ̀ ju àárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Ìrẹ̀ àti aáyán dubia ni ìpìlẹ̀. Ìdin sílíkì, ìdin eṣinṣin Hermetia illucens àti eṣinṣin tó bá jáde nínú wọn, àti tata ni a fi ń pààrọ̀. Ìdin Hermetia yàtọ̀ sí yòókù nítorí kálísíọ̀mù ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdin ọlọ́ràá, irú èyí tí wọ́n fi ń pẹja, kì í ju ọ̀kan lọ lóṣù.

Ìgbín kéékèèké náà dára fún un, torí oníwo mẹ́ta máa ń fọ́ karawun rẹ̀ jẹ. Ní Hawaii, níbi tí wọ́n kó wọn dé ní 1972, tí wọ́n sì bọ́ sínú igbó, wọ́n ti bá ìgbín orí igi ti ìbílẹ̀ ibẹ̀ nínú ikùn wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ń ká àwọn tó ń dáàbò bo ìgbín wọ̀nyẹn lára. Ẹ má mú ìgbín inú ọgbà wá. Oògùn ìgbín wà nínú ọgbà aládùúgbò, kòkòrò inú ìfun sì wà nínú ìgbín náà. Èyí tí a sin nílé nìkan ni.

Ohun tí kòkòrò jẹ ni ẹran ń jẹ. Ìrẹ̀ tó wá láti ilé ìtajà, ebi ti pa á gbẹ, omi àti ìkarahun nìkan ló kù. Ẹ bọ́ ọ fún wákàtí 24 sí 48 kó tó wọ kéèjì. Àdàlù gbígbẹ tí a ń lò: ṣíbí ìmùkọ mẹ́rin páúdà ewé mọ̀ríńgà (ó wà nílé ìtajà àwọn ará wa ní Peckham), méjì eèrí àlìkámà, ọ̀kan ìyẹ̀ òdòdó tí oyin kó, ọ̀kan spirulina, ìlàjì ṣíbí calcium carbonate. Lórí rẹ̀, kárọ́ọ̀tì tàbí ọ̀dùnkún olómi-ọsàn tí a gé pẹlẹbẹ, ewé kale tàbí ewé dandelion, ọsàn díẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti spinach kò sí nínú rẹ̀: oxalate inú wọn ń so mọ́ kálísíọ̀mù, kò sì ní jẹ́ kó wọ ara. Edé, ẹja gbígbẹ àti oúnjẹ ajá kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá. Púrótéènì tó pọ̀ jù ń di ásíìdì ìtọ̀ nínú ẹran tí omi ò bá tó lára rẹ̀, ásíìdì náà á wá dì sí oríkèé àti kíndìnrín, gout nìyẹn. Oúnjẹ ajá tún ní fítámì A àti D3 tí wọ́n ti po mọ́ ọn, tí ẹ kò sì lè wọn iye rẹ̀.

Abọ́ ìjẹun jẹ́ ike gbọọrọ tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15, a lẹ nẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri inú rẹ̀ lápá kan kí kòkòrò lè gùn ún wá síbi tí ojú ẹran tó. A so ó mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta apá òkè kéèjì. Èyí tó bá kù nírọ̀lẹ́, ẹ kó o jáde. Ìrẹ̀ tí ebi ń pa máa ń jẹ ẹran tó ti sùn, ìpéǹpéjú àti ìka ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bá.

Páúdà

Ibí ni èèyàn ti ń fi inú rere pa ẹran. Ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń sin alágẹmọ Yemen tàbí ti Madagásíkà, tí ibùgbé rẹ̀ gbóná, kò bá oníwo mẹ́ta mu. Iṣẹ́ ara ẹran orí òkè ń lọ díẹ̀díẹ̀; ohun tó wọ inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń pẹ́ níbẹ̀. Fítámì A àti D3 kì í bá ìtọ̀ jáde, inú ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá ara ni wọ́n ń gbá jọ sí.

D3 tí awọ ara fi ìmọ́lẹ̀ UVB ṣe, ara fúnra rẹ̀ ń dá a dúró tó bá ti tó. Èyí tó gba ẹnu wọlé, kò sí ohun tó ń dá a dúró. Nítorí náà, gílóòbù UVB tó dára ni orísun D3 wa, páúdà wà fún ìgbà díẹ̀ péré:

Calcium carbonate tí kò ní D3, tí kò ní fosfọ́rọ́ọ̀sì: fẹ́ẹ́rẹ́, nígbà oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ìdin Hermetia tàbí ìgbín bá jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ náà, a fi í sílẹ̀.

Fítámì àpapọ̀ tó ní D3 àti fítámì A gidi: ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. A kọ ọjọ́ rẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà tó wà lára ilẹ̀kùn, kí ẹlòmíràn nínú ilé má baà tún un ṣe.

Ìwọ̀n rẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́jọ ṣíbí tíì fún kòkòrò mẹ́fà. Ẹ dà á sínú ọ̀rá, ẹ kó kòkòrò sí i, ẹ mì í lẹ́ẹ̀mejì. Kòkòrò gbọ́dọ̀ ṣì ní àwọ̀ ara rẹ̀. Bó bá funfun bí ẹni tó ti inú ìyẹ̀fun èlùbọ́ jáde, ó ti pọ̀ jù, alágẹmọ tó gbọ́n á sì kọ̀ ọ́. Ìyókù inú ọ̀rá, ẹ dà á nù. Ẹ má dà á padà sínú agolo. Agolo fítámì tí ẹ ti ṣí fún oṣù mẹ́fà, ẹ ra òmíràn.

Àmì pé ó ti pọ̀ jù kì í fara pamọ́: ọrùn àti èjìká á wú bí ẹni pé ó wọ kọ́là tí omi kún inú rẹ̀. Ó lè lọ ní ọ̀sán, kó tún padà láàárọ̀. Ẹ dá fítámì A àti D3 dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kálísíọ̀mù lásán máa lọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí kíndìnrín tó ń ṣàárẹ̀ náà máa ń fa irú wíwú bẹ́ẹ̀. Òdì kejì wà o. Bí fítámì A kò bá sí rárá fún ìgbà pípẹ́, ojú á máa dì, ahọ́n kò ní ta dé ibi kòkòrò mọ́, awọ kò sì ní bọ́ tán. Bí kálísíọ̀mù tàbí UVB bá wọ́n, egungun á rọ̀: ẹsẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dẹ̀, ẹran á máa fi ikùn wọ́ lórí ẹ̀ka.

Òṣùwọ̀n, ìgbẹ́ àti ohun tó ń gbé ẹran lọ sọ́dọ̀ dókítà

Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù kan kan ti tó. A gbé ẹ̀ka kékeré lé e, a dá a sí òdo, ẹran gùn ún fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, kó tó jẹun. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá bá bọ́ lára rẹ̀ láàárín oṣù kan, ẹ pe dókítà, ojú ì báà tilẹ̀ mọ́ kedere.

Ìtọ̀ rẹ̀ tó dì gbọ́dọ̀ funfun. Àwọ̀ ọsàn díẹ̀ lórí kan kì í ṣe nǹkan. Bí gbogbo rẹ̀ bá di àwọ̀ ọsàn, tó sì le bí ẹfun ìkọ̀wé, omi kò tó. Ojú tó jin sínú ti pẹ́ jù fún ìkìlọ̀.

Ìgbẹ́ ń lọ fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹran tuntun, àgàgà èyí tí wọ́n mú nínú igbó, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì wà láàárín, nítorí ẹyin kòkòrò inú ìfun kì í jáde lójoojúmọ́. Kí ìgbẹ́ má ju wákàtí 24 lọ, nínú ike tó ní ìdérí, nínú fíríìjì, kì í ṣe nínú fírísà. Oògùn kòkòrò inú ìfun tí a ń fún ewúrẹ́ àti ajá kò gbọdọ̀ kàn án láìjẹ́ pé dókítà ẹran tó mọ̀ nípa àwọn afàyàfà ló wọn ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹran tó la ẹnu lábẹ́ halogen, ooru ló ń mú un. Ẹ gbé gílóòbù sókè díẹ̀. Ẹran tó la ẹnu láàárọ̀ tútù, tó na orí sókè, tí nǹkan ń dún pọ́pọ́ nínú ọ̀fun rẹ̀, tí itọ́ fífà sì wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ. Ẹ pa ẹ̀rọ kùrukùru títí dókítà á fi sọ̀rọ̀, kí òru má sì sọ̀ kalẹ̀ ju 18 °C lọ fún àkókò náà, torí ara tó tutù kì í bá oògùn ṣiṣẹ́ dáadáa.

Igun ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí ètè òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti pàdé, ni kí ẹ máa wò jù lọ lára oníwo mẹ́ta. Àpò kékeré kan wà níbẹ̀ tí ìdọ̀tí àti òkú kòkòrò máa ń há sí. Bó bá wú lápá kan, ọyún tó dì bí wàrà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́; yóò gba inú lọ sí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dókítà á ṣí i, á fọ̀ ọ́, á sì fún un ní oògùn.

Abo ní tirẹ̀ ń lóyún, ọmọ ààyè ló ń bí, lẹ́yìn oṣù márùn-ún sí mẹ́sàn-án, láàárín mẹ́jọ sí ọgbọ̀n nígbà púpọ̀. Aboyún ń jẹ lójoojúmọ́, kálísíọ̀mù rẹ̀ kì í sinmi, D3 rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ pọ̀ sí i. Alágẹmọ ti bí ọmọ tirẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ: òwe ni, ṣùgbọ́n nípa ìran yìí òótọ́ pọ́nbélé ni, torí ìyá kì í tọ́ ọmọ rárá. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Eṣinṣin èso Drosophila lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni oúnjẹ wọn, ìrì tó kúná ni omi wọn, kéèjì wọn kò sì gbọdọ̀ kọjá 25 °C níbi tó gbóná jù.

Bí ẹ bá ń gbé ẹran lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kó ìwé ìwọ̀n gíráàmù dání, àwòrán ìtọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, agolo páúdà méjèèjì pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ṣí wọn, àti ìwọ̀n ooru òru mẹ́ta tó ṣẹ́yìn. Àpótí tí ẹ ó gbé e lọ gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn, kó ní ẹ̀ka kan tó dúró ṣinṣin, kó má sì ní omi nínú rárá.